Ọjà eyín lórí àtẹ Èkó: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó

Bí wọ́n bá ní kí a dárúkọ ọjà kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ wọ́n nílé ẹnikẹ́ni nítorí eyín, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú ara eyín le, ni. Kì í ṣe ti eléèédú, kì í ṣe èyí tó ṣèlérí eyín funfun láàárín ọjọ́ méje. Èyí tí kò gbówó lórí jù, tó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ, tí olójà kì í fi lọ̀ yín, òun la fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò níbí ni wọ́n ń tà ní gbangba, láti Ìdúmọ̀tà dé Oyingbo, láti Mushin dé Ìkẹjà: ọṣẹ ìfọyín, orín, omi ìyọnu (èyí tí à ń fi yọ ẹnu), epo kànáfùrù, oògùn eyín ọmọdé, títí kan iṣẹ́ tí dókítà eyín ń gbowó lé lórí. Ìbéèrè kan náà la bi gbogbo wọn: ṣé wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn, kí ni wọ́n fi wé, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Fluoride dáhùn ìbéèrè yìí ju gbogbo ọjà tó kù lọ. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kó ìwádìí bí 70 pọ̀, tí àwọn ọmọ tó lé ní 40,000 wà nínú wọn. Wọ́n ti pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì: àwọn kan lo ọṣẹ tó ní fluoride, àwọn yòókù lo ọṣẹ tí kò ní. Eyín jíjẹrà láàárín àwọn tó lo fluoride fi nǹkan bí 24% dín sí ti àwọn yòókù. Kò sí èédú, kò sí àgúnmu eyín tó ní ẹ̀rí tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Bí ènìyàn bá jẹ nǹkan dídùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ eyín á sọ ṣúgà náà di omi kíkan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi kíkan yìí á sì máa fa èròjà líle jáde lára eyín. Itọ́ ló ń bomi pa á, tó sì ń dá èròjà náà padà, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Bí fluoride díẹ̀ bá wà nínú itọ́ lásìkò náà, èròjà yẹn á yára padà, ara eyín á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí ẹni tó ń fa ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀díẹ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé CMS nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi ń ba eyín rẹ̀ jẹ́ ju ẹni tó mu ìgò kan náà tán lẹ́ẹ̀kan lọ. Itọ́ tiẹ̀ kò ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ yí páálí ọṣẹ náà sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Iye fluoride tó yẹ àgbàlagbà ni 1350 sí 1500 ppm, ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í kọ ppm, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ òǹrajà lójú. Sodium fluoride 0.32% jẹ́ nǹkan bí 1450 ppm, 0.22% jẹ́ 1000. Ti sodium monofluorophosphate yàtọ̀: 0.76% jẹ́ 1000 ppm péré, ó di nǹkan bí 1.1% kó tó sún mọ́ 1450. Nítorí náà, ọṣẹ tó kọ 0.76% lè máà lágbára tó èyí tó kọ 0.32%. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú orúkọ méjèèjì, tí ẹ kò sì rí stannous fluoride tàbí amine fluoride, ọṣẹ náà kò ní fluoride nìyẹn, ohun yòówù kí àwòrán iwájú páálí máa wí.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni èròjà tí wọ́n fi ń họ eyín nínú ọṣẹ náà. Calcium carbonate, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, kò bá sodium fluoride rẹ́. Bí wọ́n bá pàdé nínú ọṣẹ kan, ṣọ́ọ̀kì á gbá fluoride mú, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu. Silica ni sodium fluoride bá rẹ́. Monofluorophosphate ló lè bá ṣọ́ọ̀kì gbé. Àní òun náà ń tú díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ooru sì ń mú kó yá. Ọṣẹ tó ti jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá títì látọjọ́ pípẹ́ lè ti pàdánù agbára tí wọ́n kọ sí i lára, kí ọjọ́ ìparí rẹ̀ tó pé rárá. Ẹ rà á lábẹ́ òrùlé, níbi tí ọjà ti ń tètè tà, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì mú èyí tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ ṣì jìnnà dáadáa.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó wá ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. A máa ń fọ eyín tán, a ó wá bu omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí adùn ọṣẹ á fi pòórá. Fluoride tí a sanwó fún ló ń bá omi yẹn lọ. Ẹ fọ eyín fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ tutọ́ ọṣẹ náà dànù, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má yọ ẹnu, ẹ má mu nǹkan fún bí ìdajì wákàtí. Nínú fífọ̀ àárọ̀ àti ti alẹ́, ti alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé itọ́ máa ń dín kù bí a bá sùn, eyín kò sì ní olùgbèjà mìíràn di òwúrọ̀. Ẹni tó ń fọ eyín láàárọ̀ nìkan, kí ó tó jẹun, ti fo ìgbà tó yẹ jù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n ẹ̀wà kékeré kan. Àgbàlagbà ni kó fi ọṣẹ sí i fún un, torí pé ọmọ tó ń gbé ọṣẹ mì lójoojúmọ́ lè ní àmì funfun lára eyín àgbà tí yóò hù lẹ́yìnwá. Ẹ má torí èyí sá fún fluoride o; ìwọ̀n ni kí ẹ ṣọ́.

Nípa búrọ́ọ̀ṣì, onírun rírọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó le gan-an tí àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn kì í fọ eyín mọ́ ju ti rírọ̀ lọ; ó ń họ ẹsẹ̀ eyín, ó sì ń lé erìgì padà sẹ́yìn títí omi tútù á fi máa ta ènìyàn. Ẹ fi í dagun sí ibi tí eyín ti wọnú erìgì, ẹ mì í díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe fà á bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Tí irun rẹ̀ bá ti ń ya sọ́tùn-ún sósì, ó ti tó pààrọ̀. Ti oníbátìrì dára bí agbára bá ká a: nígbà tí Cochrane yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2014, ó dín ẹ̀gbin eyín kù ní 21% ju ti ọwọ́ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò ní i kò pàdánù púpọ̀, bí ó bá ń lo ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ pé.

Orín wá ńkọ́? Orín kì í ṣe ohun tí à ń fojú tín-ín-rín, ẹni tó bá sì ní ti ará oko ni kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ wa ti ń dán omi ara orín wò lórí kòkòrò àìfojúrí láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń dí kòkòrò lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ti fọwọ́ sí lílo orín níbi tí àṣà rẹ̀ bá wà. Pákò Ìjẹ̀bú, orín àtá, egbò ewúro, ẹ̀ka dóńgóyárò: oníkálukú ló ní agbára tiẹ̀, orín àtá tilẹ̀ ń mú ẹnu kú díẹ̀, tó fi ń tu ẹni tí erìgì ń dùn lára. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo ìwádìí lè máà ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́nu, bí orín ṣe ń rìn lára eyín ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn lè ní eyín tó mọ́ tónítóní.

Àléébù rẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, iwájú ni ọwọ́ máa ń dé. Ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ àti àwọn eyín inú lọ́hùn-ún tí a fi ń lọ oúnjẹ, níbi tí ihò ti ń pọ̀, kì í rí orín. Èkejì, àwọn tó ń fà á lọ fà á bọ̀ ní ìbú fún wákàtí kan nídìí ọkọ̀ tàbí nídìí ọjà ń gbẹ́ ojú eyín wọn. Ẹ̀kẹta, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e fún fluoride. Ẹ ra èyí tó tutù, tí kò bu ewú, tó nípọn bí ìka tó kéré jù. Ẹ rún orí rẹ̀ títí á fi là bí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbé e láti erìgì wá sí orí eyín, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gé orí tó ti gbó dànù kí ẹ tó lò ó lọ́jọ́ kejì. Orín láàárọ̀, ọṣẹ fluoride lálẹ́: ètò tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé nìyẹn.

Omi ìyọnu pín sí méjì, kò sì yẹ kí wọ́n jókòó pọ̀ lórí àtẹ kan. Èyí tó jẹ́ oògùn ni chlorhexidine. Ìtàn rẹ̀ ti ilẹ̀ Denmark wá. Lọ́dún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn 12 tí erìgì wọn dá ṣáṣá dáwọ́ eyín fífọ̀ dúró. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn wú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín, ó sì jinná láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ayé ti rí ẹ̀rí gbangba pé ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń fa erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1970, Löe àti Schiøtt fi hàn pé bí ènìyàn bá ń fi chlorhexidine 0.2% yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ̀gbin náà kì í lẹ̀ mọ́ eyín, kódà bí kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Mílílítà 10 ti 0.2%, fún ìṣẹ́jú kan, àárọ̀ àti alẹ́, ni ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.12%, mílílítà 15 ni, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má bomi là á, ẹ má gbé e mì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi ọṣẹ fọ eyín tán kó sì gbé e sẹ́nu lójú ẹsẹ̀: èròjà tó ń mú ọṣẹ hó máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ jẹ́ kí ìdajì wákàtí kọjá láàárín wọn. Kì í ṣe ohun tí à ń lò ní gbogbo ọdún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó máa ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn tíì àti kọfí, ó sì ń yí adùn oúnjẹ padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́nu, tàbí nígbà tí erìgì wú tó bẹ́ẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò ṣeé fi kàn án, ìgbà yẹn ni tirẹ̀, kò sì yẹ kó kọjá oṣù kan láìjẹ́ pé dókítà eyín ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó dára gan-an fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Àwọn aláwọ̀ àwọ̀sánmà àti aláwọ̀ ewé yòókù, òórùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń bò mọ́lẹ̀. Ẹnu tí ń rùn lójoojúmọ́ sábà máa ń ní ìdí: ahọ́n tí a kì í họ, erìgì tó ń ṣàìsàn, eyín tó ti lu. Ọṣẹ eléèédú? Kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe ju ọṣẹ lásán lọ, ó sì ń họ eyín. Ẹ fi owó yín sápò.

Ọṣẹ fún eyín tí omi tútù ń ta ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, bí ó bá ní potassium nitrate 5%, tàbí stannous fluoride, tàbí arginine 8%. Ó fẹ́ sùúrù o: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àwọn tó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n sì ní ayédèrú ni kò dúró tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló ń dunni, tí ìrora náà kì í lọ bí omi tútù ti lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọṣẹ.

Ibi tí ọkàn wa ti ń bàjẹ́ jù ni àtẹ oògùn eyín dídùn. Ẹni tí eyín kò jẹ́ kó sùn á dé ilé oògùn lóru, wọ́n á já áńtíbáyótíìkì mẹ́rin fún un láti ara páálí, á gbé e mì, á sì máa lọ. Áńtíbáyótíìkì kì í pa irú ìrora yẹn. Iṣan tó wà nínú eyín ló wú sínú ihò tóóró tí kò láyè. Oògùn náà kò lè dí ihò, kò sì lè yọ iṣan tó ti ń kú. Ohun tó ń pa ìrora eyín dáadáa nínú ìwádìí ni ibuprofen 400 mg pẹ̀lú paracetamol 500 sí 1000 mg, tí a lò pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín, ikọ́ fée (asthma) tí irú oògùn yìí ń ru sókè, tàbí aláboyún, kó yà fún ibuprofen. Paracetamol kò gbọdọ̀ ju 4000 mg lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ẹ sì ka ara àwọn oògùn yòókù tí ẹ ń lò, torí pé púpọ̀ ló ti ní i nínú.

Epo kànáfùrù kì í ṣe àròsọ. Eugenol inú rẹ̀ ń mú iṣan kú, àwọn dókítà eyín pàápàá ń fi í po zinc oxide láti fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kán ẹyọ kan sórí òwú kékeré, ẹ fi sínú ihò náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó kan erìgì tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ó ń jóni. Áspírínì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín ń jó erìgì di funfun, kò sì pa ìrora ju kí a gbé e mì lọ. Omi bátìrì tí àwọn kan ń kán sínú eyín, ásíìdì ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín. Bí àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu kò ṣí dáadáa mọ́, tí itọ́ ṣòro gbé mì, tàbí tí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni kí ẹ ti wà ní ilé ìwòsàn. Ó lè dí ọ̀nà èémí.

Oògùn eyín ọmọ wẹ́wẹ́ ni a fún ní òdo. Eyín híhù lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kí ó máa ké, kí erìgì rẹ̀ wú díẹ̀. Kì í fa ìgbẹ́ gbuuru tàbí ibà gbígbóná. Ọmọ tó bá ní ìyẹn ń ṣàìsàn mìíràn, ó sì yẹ kí wọ́n wá a rí. Láàárín 2008 sí 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tí diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa erìgì, tó bá ní benzocaine, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ó lè dín afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kù. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù, tí a fún, tí ọmọ ń jẹ lẹ́nu, ti tó.

Ní ti iṣẹ́ dókítà eyín, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, tí wọ́n jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ní ẹ̀ka eyín tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà fúnra wọn. Ẹ ó dúró lórí ìlà. Ní ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi yòówù kó jẹ́, kí wọ́n tú irinṣẹ́ jáde nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa, lójú yín, kí àmì ara àpò náà sì ti yí àwọ̀ padà. Ìyẹn ló fi hàn pé ó ti gba inú ẹ̀rọ ooru kọjá.

Fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà ni wọ́n ń polówó jù. Ẹni tí ẹ̀gbin ti le bí òkúta mọ́ lẹ́sẹ̀ eyín, tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, nílò rẹ̀ gidi, búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣí i mọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí erìgì rẹ̀ kò ní àìsàn tó jinlẹ̀, Cochrane rí i lọ́dún 2018 pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà àti àwọn tí kò fọ̀ ọ́ rárá fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Kí wọ́n yẹ ẹnu wò kò yẹ ní fífò, àmọ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí kí ẹ tó sanwó fífọ̀. Kò sì lè mú eyín funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ẹni tó ní òun á fi í sọ eyín di bí wàrà ń tan yín.

Fún ihò eyín ọmọdé tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ béèrè silver diamine fluoride. Omi ni, 38% ni wọ́n ń lò jù. Wọ́n á nu eyín náà gbẹ, wọ́n á fi ọ̀rá pa erìgì àti ètè, wọ́n á kán an sí ojú ihò fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí lílu, kò sí abẹ́rẹ́. Ó ń dá eyín jíjẹrà dúró, ó sì wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2021, pẹ̀lú ọṣẹ fluoride àti glass ionomer tí wọ́n fi ń dí ihò. Wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe fún eyín tó ti ń dun ọmọ lóru tàbí tó ti ní oówo, kò sì yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kọ fàdákà. Ibi tó ti jẹrà á dúdú kirikiri, kò sì ní padà sí funfun mọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ìyá ọmọ kí ó tó ṣí ìgò rẹ̀, bó bá sì jẹ́ eyín iwájú, kó fi àwòrán bó ṣe ń rí hàn án kó tó sọ pé òun gbà.